Pé ẹni tó pàdánù owó ló ta póòkà burúkú: kì í ṣe òótọ́ o

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí mo ti rí i tó ń ba inú àwọn èèyàn jẹ́ lórí tábìlì káàdì ní Surulere, ní Yaba, títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ọwọ́ (ìyẹn ìpín káàdì kan tí wọ́n ta títí tó fi parí) tó bá gba owó lọ́wọ́ èèyàn, ó ta á burúkú nìyẹn, èyí tó bá dẹ̀ mówó wálé, ó mọ̀ ọ́n ta nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo alẹ́ Sátidé, èèyàn méje yí tábìlì ká, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn wíńdò, wọ́n ń ta Texas Hold'em, irú póòkà tí oníkálukú ti ń gba káàdì méjì sọ́wọ́, tí wọ́n á wá ṣí márùn-ún sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo èèyàn, oníkálukú fi 10,000 nàírà jókòó. Bọ̀dá kan rí ace méjì gbà, ẹni tó kọjú sí i gba king méjì, làwọn méjèèjì bá sún gbogbo owó wọn síwájú kí wọ́n tó ṣí káàdì kankan sílẹ̀. King kan jáde, king di mẹ́ta, ó parí. Ariwo sọ! "Ṣé mi ò sọ fún yín pé kẹ́ ẹ rọra, bọ̀dá?" Kí wá ni kó rọra ṣe? Bí wọ́n bá ta ọwọ́ yẹn nígbà 100, ace méjì máa jẹ ní bí ìgbà 82, kò dẹ̀ sí ọwọ́ tó dáa jù ú lọ kí káàdì tó jáde sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ńbẹ̀ ni pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí bọ̀dá yìí tún rí ace méjì, ẹ̀rù á bà á, á rọra san owó kékeré, á jẹ́ kí èèyàn mẹ́rin tẹ̀lé òun wọlé, bẹ́ẹ̀ bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i lórí ọwọ́ kan ni agbára ace méjì ń dín kù. Inú ọwọ́ tó ta dáadáa ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ òdì yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò kan ní heart méjì lọ́wọ́, méjì wà nílẹ̀, ó ku káàdì kan péré, ó ń retí heart karùn-ún kó lè ní flush (káàdì márùn-ún tí àmì wọn bára mu). Owó ilẹ̀ jẹ́ 6,000, ẹni tó dojú kọ ọ́ wá sún 6,000 tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ sí i. Àbúrò san án, heart jáde, gbogbo ilé ń kí i pé ó láyà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ o. Káàdì 46 ni kò tíì rí, 9 péré nínú ẹ̀ ni heart. Tó bá ṣe irú ẹ̀ nígbà 46, á jẹ 12,000 nígbà 9, ìyẹn 108,000, á wá pàdánù 6,000 nígbà 37, ìyẹn 222,000. 114,000 ti wọgbó. Bí 2,500 ló ń sọ nù ní gbogbo ìgbà tó bá san owó yẹn, títí kan ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìdí tí ìgbàgbọ́ yìí ò fi tètè kúrò lọ́kàn ni pé ọwọ́ tí à ń ta nílé kéré. Ace méjì, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọwọ́ 221 ló ń wá, bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń pín káàdì fúnra wa, tí à ń jẹ small chops, tí à ń bú bọ́ọ̀lù, ká tó ta ogún ọwọ́ láàárín wákàtí kan, iṣẹ́ ni. Èèyàn lè jókòó di òru kó má rí i rárá, ẹyọ kan tó wá rí tó dẹ̀ pàdánù ni ò ní gbàgbé. (Àwọn tó ń sọ pé "ó ti jẹ mí tó, ó gbọ́dọ̀ yí padà," ẹ jọ̀ọ́, káàdì tí wọ́n pò pọ̀ ò mọ ẹni tó ti pàdánù.)

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ronú sí ọwọ́ tó gbówó lọ́wọ́ yín o. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù, ta ló lé owó (ìyẹn ta ló fi kún iye tí wọ́n ti fi síwájú), èló, káàdì wo ló wà nílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tó gbọ́ póòkà lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ẹ má sọ bó ṣe parí, torí tó bá ti mọ̀ ọ́n, ìparí yẹn ló máa fi dájọ́.

Ẹ̀ẹ́ wá rí i pé ọwọ́ míì tẹ́ ẹ pè ní orí burúkú, ẹ̀yin lẹ fà á. Ká ní àǹtí kan wà ńbẹ̀ tí ò lé owó rí láti aago méje, á kàn máa sanwó wò ó ni. Spade mẹ́ta ti wà nílẹ̀, káàdì tó kẹ́yìn ti jáde, two pair (oríṣi káàdì méjì, méjì-méjì) lẹ ní, ẹ fi 2,000 síwájú, àǹtí sọ ọ́ di 8,000. Ẹ san án, ó ṣí flush. Àǹtí ti fi owó sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó san 6,000 tó kù yẹn, ẹ ò kàn gbọ́ ni. Ẹ dẹ̀ bi ọ̀rẹ́ yín léèrè 2,000 àkọ́kọ́ yẹn náà: ọwọ́ wo tó kéré sí tiyín ni àǹtí ì bá fi san án?