Agbè fọ́, omi ò dànù: bí òfin omi àwọn Fremen ṣe ń ṣiṣẹ́

Tí ọmọ bá kú mọ́ ìyá lọ́wọ́, ohun tí Yorùbá máa sọ fún ìyá ọmọ ni pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìtùnú ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn Fremen, wọ́n dojú ọ̀rọ̀ yẹn dé pátápátá: agbè lè fọ́, wọ́n á gbà bẹ́ẹ̀, omi inú ẹ̀ ni ò gbọ́dọ̀ dànù. Kì í sì í ṣe òwe lẹ́nu tiwọn o, òfin ni, wọ́n ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ní àwọn tí wọ́n yàn sípò láti máa wọn omi náà dé orí ẹ̀kán tó kẹ́yìn.

Àwọn Fremen ni wọ́n ń gbé nínú aṣálẹ̀ Arrakis, pílánẹ́ẹ̀tì tí Frank Herbert fi ọpọlọ ara ẹ̀ dá sínú Dune, ìwé tó jáde lọ́dún 1965, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ nípa ẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ṣe fíìmù ní 2021 àti 2024. Iyanrìn ni látòkè délẹ̀, òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Yìnyín wà ní ìkángun pílánẹ́ẹ̀tì náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa omi wá sígboro, àwọn tó ń tà á á sì máa kiri ẹ̀ ládùúgbò, «Soo-soo sook!», bí ìgbà téèyàn bá ń kiri búrẹ́dì. Àmọ́ olówó nìyẹn. Fremen tó wà nínú aṣálẹ̀ gan-an, nínú ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní sietch, ọgbọ́n míì ló gbọ́dọ̀ dá, ọgbọ́n yẹn ló di àṣà, àṣà di òfin, títí kan bí wọ́n ṣe ń kọnu sí obìnrin. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lókèèrè á ní orí wọn ò pé: wọ́n ń tutọ́ síwájú ìjòyè, wọn kì í sunkún òkú, wọ́n ń fa omi jáde lára òkú náà. Ẹ sáà tẹ̀lé ibi tí omi bá ń lọ, ẹ máa rí i pé kò sí èyí tí ò nídìí.

Ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: ẹran ara èèyàn, tiẹ̀ ni, omi tó wà nínú ẹran ara yẹn, ti agbo ni. Ìyẹn ni pé ńṣe ni kálukú kàn ń bá agbo gbé omi rìn, bí akápò ṣe ń bá ẹgbẹ́ tọ́jú owó. Akápò ò lè ná owó ẹgbẹ́ bó ṣe wù ú, bẹ́ẹ̀ náà ni Fremen ò lè fi omi ara ẹ̀ ṣòfò.

Aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣọ́ owó ẹgbẹ́ yìí. Stillsuit lorúkọ ẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ìpele-ìpele ni wọ́n ṣe é. Èyí tó kan ara ní ihò wínníwínní, òógùn á gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn tó bá ti mú ara tutù tán, àwọn ìpele tó kù á yọ iyọ̀ inú ẹ̀ kúrò, ó di omi mímu padà nìyẹn. Kò lo iná, kò lo bátìrì, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń mí tó ń gbẹ́sẹ̀, ìmí àti ìrìn yẹn gan-an ni pọ́ǹpù tó ń ti omi lọ sínú àwọn àpò kéékèèké ara aṣọ, á wá máa fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lọ́rùn fà á mu. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ náà ò gbẹ́yìn, ibi itan aṣọ ni wọ́n ti ń gba omi lára wọn. Tó bá bọ́ sí gbangba aṣálẹ̀, á fi nǹkan bo ẹnu, á ki ọ̀pá sí ihò imú, ẹnu ló ti máa fa èémí wọlé, imú ló máa gbà jáde, torí omi wà nínú èémí náà, wọn ò sì ní jẹ́ kó lọ. Tí aṣọ yẹn bá dáa, tẹ́ni tó wọ̀ ọ́ sì mọ̀ ọ́n wọ̀, gbogbo omi tó máa sọ nù lóòjọ́ ò lè kún ìdérí ìgò. Kódà ara wọn pàápàá ti kọ́ òfin yẹn: tí ọ̀bẹ bá gé Fremen, lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa ń dì.

Ibi ikú gan-an ni òfin yìí ti le jù. Lójú tiwọn, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìwúwo èèyàn ni omi, òkú ò sì nílò omi mọ́, bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn, kò sí ìkà níbẹ̀. Wọ́n á fa omi ara olóògbé yọ, àwọn tó ń mójú tó omi á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kéde iye tó jẹ́ kí wọ́n tó dà á mọ́ ti agbo. Nígbà tí Paul, ọmọ àjèjì tó sá wọ àárín wọn, pa Jamis, ọkùnrin Fremen kan, nínú ìjà, lítà 33 àti díẹ̀ lé ni wọ́n kà, díẹ̀ yẹn ò tó ife kékeré kan, síbẹ̀ wọ́n dárúkọ ẹ̀. Paul ló ni omi náà. Ìdí ni pé tí wọ́n bá fẹ́ jà ìjà àjàkú, wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ stillsuit sílẹ̀, òógùn á máa ṣòfò sínú afẹ́fẹ́, torí náà ẹni tó bá borí ló ń gba omi ẹni tó kú kó lè fi dí èyí tó sọ nù. Kò sì parí síbẹ̀, ìyàwó olóògbé àtàwọn ọmọ ẹ̀ náà bọ́ sọ́rùn ẹni tó pa á. Opó ṣíṣú ò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá, àmọ́ ará ilé ọkọ ló ń ṣú opó lọ́dọ̀ tiwa, níbí apànìyàn ni. Ọmọ àná ni Paul, ó jí lọ́jọ́ kejì ó ti di olórí ilé fún Harah, ìyàwó Jamis, àtàwọn ọmọkùnrin méjì, gbogbo ẹ̀ sì tinú ìjà tí kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀ wá. Ẹni tó bá rò pé àwọn Fremen kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa pa èèyàn, kó rò ó wò, ta ló máa fẹ́ fi ọ̀bẹ ra irú gbèsè yẹn?

Àwọn tó fara gbọgbẹ́ tí ò sì lè rìn náà, òfin kàn wọ́n. Nígbà tí ogun tú àwọn èèyàn Thufir Hawat, olùdámọ̀ràn bàbá Paul, ká, tó wá ń bá Fremen sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́, ohun tí wọ́n ń bi í ni pé ṣé wọ́n ti pinnu lórí omi àwọn tó fara gbọgbẹ́, ìyẹn ni pé ṣé kí wọ́n gba omi ara wọn fún agbo, ọ̀rọ̀ yẹn ò tètè yé e rárá.

Ẹni tómi bá kàn, wọn kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfìfo lẹ́yìn tí omi bá ti wọ inú àmù agbo. Òrùka irin ni wọ́n á kó fún un, ńlá àti kékeré, òrùka kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n omi tó dúró fún, bí ìwé tí báńkì máa ń fúnni pé owó yín wà lọ́wọ́ wa. Àmọ́ ó ju owó lọ, torí wọ́n ń lò ó níbi ìbí, níbi òkú, àti níbi tọ́kùnrin bá ti ń wá ojúure obìnrin. Paul ò ronú kan ìyẹn nígbà tó kó àwọn òrùka Jamis fún Chani, ọmọbìnrin Fremen kan, pé kó bá òun mú wọn dání títí á fi kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbé wọn rìn, ẹ̀yìn tó ti sọ ọ́ tán ló wá yé e pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lójú gbogbo èèyàn yẹn. (Aṣọ ni wọ́n ń fi dì wọ́n kí wọ́n má baà máa dún, torí ẹni tó ń sá pamọ́ ò gbọ́dọ̀ máa ró wọnjanwọnjan.)

Ọ̀rọ̀ itọ́ wá ńkọ́? Níbi tiwa, tèèyàn bá tutọ́ síwájú àgbà, wàhálà ti dé. Stilgar, aṣáájú kan láàárín àwọn Fremen, tutọ́ sórí tábìlì Duke Leto, bàbá Paul, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jọba lé Arrakis lórí, inú ti bí àwọn tó wà níbẹ̀, Duncan Idaho, ọ̀kan lára àwọn jagunjagun Duke, ló tètè ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Stilgar fún omi ara ẹ̀ tó fi ta wọ́n lọ́rẹ, òun náà sì tutọ́ padà. Owó ẹgbẹ́ ni ọkùnrin yẹn yọ sílẹ̀ fún àlejò, kò sí ẹ̀bùn tó ga jùyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omijé. Níbi òkú Jamis, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ oore tó ṣe wọ́n, wọ́n ń mú nǹkan kọ̀ọ̀kan nínú ẹrù ẹ̀, kò sẹ́ni tójú ẹ̀ tutù. Nígbà tó kan Paul, omi bọ́ lójú ẹ̀. Ẹnu ya gbogbo wọn, wọ́n ń sọ ọ́ síra wọn létí pé ó ń fún òkú lómi, àwọn kan na ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àwọn náà mọ ìbànújẹ́ dáadáa, wọn ò kàn ní i ná lójú ni.

Èyí tó yani lẹ́nu jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ibi tí omi yẹn ń lọ. Nínú òkùnkùn abẹ́ àpáta, wọ́n ní ìkùdu ńlá tí omi inú ẹ̀ ju 380 mílíọ̀nù lítà lọ, kì í sì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ní. Òùngbẹ lè máa gbẹ Fremen, á rìn dé etí ibẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Pardot Kynes, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó wá láti ibòmíì, ló fi ẹ̀kọ́ yìí lé wọn lọ́wọ́: tí wọ́n bá kó omi tó pọ̀ tó jọ, tí wọ́n gbin koríko sórí òkìtì iyanrìn kó má baà máa rìn, tí wọ́n ń gba ìrì àárọ̀ sídìí ohun ọ̀gbìn, aṣálẹ̀ máa di ilẹ̀ tútù lọ́jọ́ kan. Ọgbọ́n koríko yẹn wà lóòótọ́ láyé yìí o, Herbert fojú ara ẹ̀ rí i ní Florence, Oregon, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1950 sí 1960, níbi tí ìjọba ti ń fi koríko dá iyanrìn etí òkun dúró, ibẹ̀ ni èrò ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Fremen bi Kynes pé ìgbà wo ló máa ṣẹlẹ̀, ó ní ọdún 300 sí 500. Wọ́n gbà. Yorùbá ní ẹni tó bá da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù, àwọn wọ̀nyí da omi síwájú tọkàntọkàn, wọ́n sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn ò ní í tẹ ilẹ̀ tútù yẹn láé. Omi ara bàbá, ti ìyá, ti ọmọ tí wọ́n bí sínú ihò tó kú sínú ihò, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìkùdu yẹn.

Omi náà sì dé. Nínú Children of Dune tó jáde ní 1976, ewéko ti ń bo ilẹ̀, àwọn àgbà ti ń ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ ò ka ìtọ́jú omi sí mọ́. Ìgbà tó fi máa di God Emperor of Dune, ìwé ọdún 1981 tí ìtàn inú ẹ̀ wáyé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn náà, Museum Fremen ni wọ́n ń pe àwọn tó ṣẹ́ kù: wọ́n ń wọ aṣọ àwọn baba ńlá wọn, wọ́n ń ṣe orò ìgbà yẹn, wọn ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é mọ́, bẹ́ẹ̀ odò gidi ló ń ṣàn kọjá lórí ilẹ̀ yẹn nígbà náà, wọ́n sì fi orúkọ Idaho, ọkùnrin tó tutọ́ padà fún Stilgar lọ́jọ́ yẹn, pè é.