Kí Ni Esophagectomy? Àlàyé lórí Oúnjẹ Tó Ń Há Lọ́fun, Àwòrán Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Abẹ Rẹ̀

Bí òkèlè bá bẹ̀rẹ̀ sí í há ẹnì kan lọ́fun ní Òṣogbo níbí, ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé ká gé òkèlè náà kéré sí i, ká fi ọbẹ̀ kún un, ká sì fi omi tì í. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹni náà á pa ẹran àti búrẹ́dì tì, á di ẹni tí ń jẹ àmàlà rírọ̀ nìkan nítorí pé ó ń yọ̀ wọlé. Láti ibẹ̀ á bọ́ sórí ẹ̀kọ mímu. Nígbà tí omi pàápàá bá fi máa kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀, ara rẹ̀ á ti rù, aṣọ rẹ̀ á ti máa bọ́ lára rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oògùn ọgbẹ́ inú láti kẹ́míìsì ni wọ́n ti ń fún un ní gbogbo àsìkò yẹn. Bẹ́ẹ̀, bí oúnjẹ ṣe ń kọ̀ tẹ̀lé ara wọn yìí, tí èyí tó le ṣáájú, tí èyí tó ṣàn kẹ́yìn, jẹ́ ẹ̀rí ńlá fún dókítà pé nǹkan kan ń hù lójú ọ̀nà, tó sì ń dí i díẹ̀díẹ̀. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun wà lára ohun tó lè fà á, esophagectomy, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ ọ̀nà ọ̀fun, sì jẹ́ ọ̀kan lára ìtọ́jú rẹ̀.

Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ìdajì rẹ̀ àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ọ̀nà ọ̀fun, ìyẹn ọ̀pá ẹran tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lára àgbàlagbà, tó gba ẹ̀yìn ọ̀nà èémí àti ẹ̀yìn ọkàn kọjá, tó sì bọ́ sínú àpòlúkù lábẹ́ àyà. Ìdajì kejì, -ectomy, túmọ̀ sí gígé kúrò. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ -tomy, tó jẹ́ lílà lásán, nítorí pé lẹ́tà méjì péré tó wà láàárín wọn ló ya ẹni tí wọ́n máa yọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n kàn máa la iṣan rẹ̀ díẹ̀.

Oríṣi jẹjẹrẹ méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan sábà máa ń wà ní òkè tàbí àárín ọ̀pá náà, sìgá, tábà àti ọtí líle ló sì ń bá a rìn jù. Èkejì ń wà nísàlẹ̀ nítòsí àpòlúkù, ó sì máa ń tẹ̀lé omi kíkan inú àpòlúkù tó ti ń ru sókè fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá lára ẹni tó sanra jù. Lọ́dún 2016, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé tún sọ pé ó ṣeé ṣe kí mímu ohun tó gbóná ju ìwọ̀n 65 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius máa fa àrùn yìí.

Ohun mìíràn wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òṣogbo ìlú aró ni wá, àwọn tó ń fi aró òyìnbó ṣe àdìrẹ sì ń lo kọ́sítíìkì sódà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń se ọṣẹ. Bí wọ́n bá pò ó tán, tí wọ́n rọ ìyókù sínú ìgò omi tàbí ti míńrà, ọmọdé lè gbé e mu. Ó ń bó inú ọ̀fun, ojú ọgbẹ́ náà á sì ki, á sún jọ bó bá ń jiná, ọ̀nà á wá há. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ewu jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fi epo tàbí ìka mú ọmọ náà bì, nítorí pé ohun tó jó o nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ yóò tún jó o nígbà tó bá ń gòkè bọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwòrán. X-ray lásán kì í fi ọ̀nà ọ̀fun hàn dáadáa, nítorí pé ẹran rírọ̀ ni láàárín ẹran rírọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún aláìsàn ní omi bàríọ́ọ̀mù, tó funfun, tó sì ki bí ẹfun tí a pò, pé kó máa mu ún bí wọ́n ti ń ya àwòrán. Bàríọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kí ìtànṣán náà kọjá, nítorí náà ibi tó bá gbà ni yóò hàn funfun. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ọ̀nà funfun náà sábà máa ń há lójijì, etí rẹ̀ á sì rí wúruwùru bí aṣọ tí eku jẹ. Bó bá jẹ́ àìsàn tí wọ́n ń pè ní achalasia, níbi tí iṣan ẹnu àpòlúkù ti kọ̀ láti ṣí, òkè ọ̀pá náà á fẹ̀ bí àpò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì rí ṣóńṣó, láìrí wúruwùru, bí àgógó ẹyẹ. Ẹni tó ní achalasia sì sábà máa ń sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni omi àti òkèlè ti jọ ń há òun.

Síbẹ̀, àwòrán nìkan kò tó láti fi dájọ́. Jẹjẹrẹ tó bá wà ní ẹnu àpòlúkù gan-an lè ya àgógó ẹyẹ yẹn fínnífínní. Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ ni endoscopy, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí, tí dókítà ń tì gba ẹnu wọlé, tó sì fi ń já ẹran bíńtín láti ibi tó wú, kí wọ́n lè wò ó lábẹ́ maikirosikópù. Ẹran bíńtín yẹn nìkan ló lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ó sì bà mí nínú jẹ́ pé àyẹ̀wò tí àwọn èèyàn wa ń sá fún jù nìyẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni CT, ẹ̀rọ X-ray tó ń ya inú ara ní abala-abala, tó ń wo bóyá ó ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, tàbí bóyá ó ti so mọ́ ọ̀nà èémí àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Ọ̀nà ọ̀fun kò ní awọ ìta tó bò ó bí ti ìfun, èyí sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ rẹ̀ tètè kan aládùúgbò. Endoscopy kan wà tó ní ẹ̀rọ ultrasound, tó ń fi ìró ya àwòrán, lórí, òun ló ń fi bó ti wọlé tó nínú ẹran ọ̀pá náà hàn. Bó bá ṣì wà ní awọ inú nìkan, wọ́n lè fi endoscopy gé e kúrò láìla àyà.

Ní 1913, oníṣẹ́ abẹ Franz Torek yọ ọ̀nà ọ̀fun tó ní jẹjẹrẹ kúrò láyà obìnrin kan ní New York. Kò rí ọ̀nà tí yóò fi so nǹkan mọ́ra, nítorí náà ó yọ orí ọ̀pá tó ṣẹ́kù jáde lọ́rùn, ó dá ihò sí àpòlúkù, ó sì fi rọ́bà tó wà lórí awọ ara lóde so méjèèjì pọ̀. Obìnrin náà fi rọ́bà yẹn jẹun fún ohun tó ju ọdún 10 lọ. Ọdún yẹn kan náà ni Ernst Heller la iṣan ẹnu àpòlúkù fún ẹni tó ní achalasia ní Jámánì, ìyẹn ni -tomy tí mo sọ lókè.

Lónìí, àpòlúkù fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé gòkè láti rọ́pò ọ̀pá tí wọ́n yọ. Nínú ọ̀nà tí wọ́n fi orúkọ dókítà Ivor Lewis pè, èyí tó gbé jáde ní 1946, oníṣẹ́ abẹ á kọ́kọ́ la ikùn, á tú àpòlúkù sílẹ̀ láìgé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un, á sì gbẹ́ ẹ di ọ̀pá gígùn. Wọ́n á wá yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n á gba àárín egungun ìhà ọ̀tún wọlé, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tẹ̀ kọjá lápá òsì. Wọ́n á yọ ọ̀nà ọ̀fun àti àwọn kókó tó ń sẹ́ omi ara yí i ká, wọ́n á fa àpòlúkù gòkè, wọ́n á sì rán an mọ́ èyí tó kù. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò la àyà rárá, ikùn àti ọrùn nìkan ni wọ́n ń là. Bí àpòlúkù kò bá ṣeé lò, bóyá nítorí pé kọ́sítíìkì ti bà á jẹ́, apá kan ìfun ńlá ni wọ́n ń gé rọ́pò.

Iṣẹ́ ńlá ni, kì í sì í ṣe gbogbo aláìsàn ló wà fún. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní oògùn jẹjẹrẹ àti ìtànṣán kí ó lè sún kì. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti tàn ká, ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń pè ní stent ni wọ́n lè fi ṣí ojú ọ̀nà náà sílẹ̀ kó lè máa jẹun, èyí náà sì jẹ́ ìtọ́jú gidi. Láti Òṣogbo, wọ́n lè darí èèyàn sí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí sí UCH n'Íbàdàn, nítorí náà ẹ kó gbogbo àwòrán àti èsì àyẹ̀wò dání.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni kí ojú rírán náà jò. Fún ọjọ́ mélòó kan aláìsàn kò ní fi ẹnu jẹun, ọ̀pá tí wọ́n fi sínú ìfun ni oúnjẹ máa gbà. Bí wọ́n bá ń fura pé ó jò, omi àwòrán tó mọ́, tí ara lè fà mu, ni wọ́n sábà máa kọ́kọ́ fún un, dípò bàríọ́ọ̀mù tó lè jò sínú àyà kó sì dúró síbẹ̀. Bó bá padà sílé, àpòlúkù rẹ̀ ti di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àyà, kò lè gba àwo iyán kan lẹ́ẹ̀kan mọ́. Ẹ máa bù ú fún un díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, kó jẹ ẹ́ kúnná, kó má ṣe dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì gbé orí ibùsùn rẹ̀ ga lálẹ́ kí oúnjẹ má baà padà wá sí ọ̀fun rẹ̀ lójú oorun.