Àṣepé ni ó yẹ kí a pè é, kì í ṣe ìdúnàádúrà

Bí àwọn òǹkọ̀wé wa bá fẹ́ túmọ̀ ohun tí àwọn onídátábéèsì, àwọn tó ń ṣètò àkójọ dátà sínú kọ̀ǹpútà, ń pè ní transaction, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ tí a so pọ̀ ṣe bí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìdúnàádúrà ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu, àwọn mìíràn a sì pè é ní káràkátà. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìdúnàádúrà ni ohun tó ń wáyé kí ọjà tó tà: oníbàárà dá iye kan, ọlọ́jà kọ̀, oníbàárà fi díẹ̀ lé e, ó sì lè bá tirẹ̀ lọ láìra ohunkóhun. Ohun tí a lè fi sílẹ̀ lágbedeméjì láìjẹ̀bi ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìgbọdọ̀ dúró lágbedeméjì gan-an ni transaction jẹ́. Ní ti káràkátà, nọ́ọ̀sì tó gbé orúkọ aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn nínú kọ̀ǹpútà kò ra nǹkan kan, kò sì tà.

Jim Gray, onímọ̀ dátábéèsì tó gba Ẹ̀bùn Turing ti 1998, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ ní 1981 pé inú òfin àdéhùn ni èrò yìí ti wá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi èyí gbe ìdúnàádúrà lẹ́sẹ̀, kí ó rántí pé ìgbà tí ẹnu bá kò tán ni àdéhùn tó wà.

Àṣepé ni mo yàn: iṣẹ́ alábala púpọ̀ tó jẹ́ pé, bí gbogbo abala rẹ̀ kò bá pé, a óò kà á sí pé a kò ṣe ọ̀kankan. Wọ́n ti takò mí pé báwo ni èyí tó já lójú ọ̀nà ṣe lè máa jẹ́ àṣepé. Òfin tó de iṣẹ́ náà ni orúkọ yìí ń sọ, kì í ṣe àbájáde rẹ̀; a kì í dúró kí ènìyàn dé ibi tó ń lọ kí a tó pè é ní arìnrìn-àjò.

Ẹ wo akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ mú ₦10,000 láti inú àpò Àlàkẹ́ sínú àpò Àjọkẹ́. Kí ó tó fọwọ́ kan àpò kankan, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé iye báyìí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iye báyìí ni yóò kù. Nígbà tó kọ ìgbésẹ̀ méjèèjì tán, ó buwọ́ lù ú, ìbuwọ́lù yẹn ni ó sì sọ ọ́ di àṣepé, ì báà jẹ́ pé owó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àìsàn bá gbé e ṣánlẹ̀ lójijì, ẹni tó gba ipò rẹ̀ kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè, ìwé ni yóò ṣí: èyí tó ní ìbuwọ́lù, yóò parí rẹ̀, èyí tí kò ní, yóò dá owó padà síbi tó wà. Bákan náà ni dátábéèsì ń ṣe bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì. ARIES, ìlànà ìmúbọ̀sípò dátábéèsì tí C. Mohan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1992, ní kí a kọ́kọ́ ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó tú àwọn aláìníbuwọ́lù, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni a óò já sí.

Ìwé yẹn, tí àwọn onídátábéèsì ń pè ní write-ahead log (WAL), ni mo pè ní àkọṣáájú, n kò sì ní pè é ní lọ́ọ̀gì láé. Pg_xlog ni orúkọ fódà tí PostgreSQL, ọ̀kan lára àwọn ètò dátábéèsì, ń kó o sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn rí log lára rẹ̀, wọ́n rò pé àkọsílẹ̀ tí kò wúlò ni, wọ́n pa á rẹ́, dátà wọn sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ní 2017, nígbà tí ẹ̀dà 10 jáde, àwọn tó ń ṣe PostgreSQL yí orúkọ náà padà sí pg_wal nítorí èyí gan-an.