Bajío (Mẹ́síkò): ìrìn-àjò afẹ́ àti oúnjẹ ojú ọ̀nà

Bajío ni orúkọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá kan ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn olú-ìlú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Guanajuato àti Querétaro, ó sì nasẹ̀ wọ Michoacán àti Jalisco. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gíga ló wà: ìlú Querétaro ga tó nǹkan bí mítà 1,820 ju ìtẹ́jú òkun lọ, ìlú Guanajuato sì tó 2,000. Ìdí nìyí tí òwúrọ̀ àti alẹ́ fi máa ń tutù níbẹ̀, bí oòrùn ọ̀sán tilẹ̀ mú.

Mọ́tò ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi ń la agbègbè yìí já. Wọn a gbéra ní Ìlú Mẹ́síkò, wọn a gba Querétaro, San Miguel de Allende, Dolores Hidalgo àti Guanajuato, wọn a sì parí rẹ̀ sí León. Mẹ́ta nínú àwọn ìlú náà wà lára Ogún Àgbáyé ti àjọ UNESCO: Guanajuato láti 1988, Querétaro láti 1996, àti San Miguel pẹ̀lú ilé ìjọsìn Atotonilco láti 2008. Ibẹ̀ kan náà ni ogun òmìnira Mẹ́síkò ti bẹ̀rẹ̀ ní 1810. Ilé ìjọsìn àti ojúbọ ìtàn ni ìwé atọ́nà sábà máa ń gbé síwájú, oúnjẹ a wá di àfikún lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ fàdákà kan náà tó kọ́ àwọn ilé náà ló gbin oko tí oúnjẹ ibẹ̀ ti jáde.

== Fàdákà àti àgbàdo ==

Kí àwọn ará Spéìn tó dé, àwọn Otomí àti Purépecha ń dáko ní etí gúúsù pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, àwọn ẹ̀yà tí a pa pọ̀ pè ní Chichimeca sì ń dọdẹ ní apá àríwá. Ní 1546 ni àwọn ará Spéìn rí fàdákà ní Zacatecas, kò sì pẹ́ tí wọ́n tún fi rí i ní Guanajuato. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń la ọ̀nà láti Ìlú Mẹ́síkò lọ sí àríwá, èyí tí wọ́n pè ní Camino Real de Tierra Adentro. Àwọn Chichimeca bá wọn jagun lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Díẹ̀ nínú àwọn ìlú tí arìnrìn-àjò ń wò lónìí ti jẹ́ ibùdó ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà nígbà náà. San Miguel, tí àlùfáà Juan de San Miguel dá sílẹ̀ ní 1542, wà lára wọn.

Ibi ìwakùsà kì í dá jẹun. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ àgbàdo, àwọn ìbaaka tó ń yí ẹ̀rọ tó sì ń kó ẹrù náà ń jẹ ẹ́. Ọ̀rá màlúù ni wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là tí wọ́n ń tàn nínú ihò, awọ màlúù ni wọ́n fi ń rán àpò tí wọ́n fi ń gbé òkúta fàdákà jáde. Bí fàdákà ti ń pọ̀ sí i ní òkè ni oko àti agbo ẹran ń gbilẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, títí Bajío fi di àká oúnjẹ fún ilẹ̀ Mẹ́síkò. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú àti àtọmọdọ́mọ wọn wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà Guanajuato àti ní ilé ìhunṣọ Querétaro. Oṣù Kejìlá 1810 ni Miguel Hidalgo, àlùfáà tó ṣáájú ogun òmìnira, pàṣẹ ní Guadalajara pé kí oko ẹrú dópin.

Ní 1785, òjò kò rọ̀ dáadáa, òtútù sì pa àgbàdo nínú oko. Ìyàn tó tẹ̀ lé e ní 1786 le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe àkókò náà ní Ọdún Ebi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Juan Antonio de Riaño, tó ń ṣàkóso Guanajuato fún ọba Spéìn, kọ́ àká ńlá kan tí wọn yóò máa tọ́jú àgbàdo sí, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Alhóndiga de Granaditas ni wọ́n pè é. Láti 1798 sí 1809 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, ó sì ga bí odi ogun. Nígbà tí Hidalgo kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1810, inú àká yìí ni Riaño àti àwọn ará Spéìn sá wọ̀ pẹ̀lú dúkìá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí kan Riaño fúnra rẹ̀, ni kò jáde láàyè. Ìtàn tí gbogbo ọmọ Mẹ́síkò mọ̀ sọ pé awakùsà kan tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ El Pípila gbé òkúta pẹlẹbẹ sẹ́yìn kí ọta má baà bà á, ó sì lọ ti iná bọ ilẹ̀kùn. Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí èyí tó jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀. Ère Pípila wà lórí òkè tó dojú kọ ìlú.

Ọ̀dá tún mú ní ọdún 1809, owó àgbàdo sì ti lọ sókè kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ kan kà mọ́ ohun tó mú kí tálákà tẹ̀ lé Hidalgo kíákíá. Alhóndiga ti di ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá pọ̀ ní Guanajuato lè fi àwọn ibòmíràn sílẹ̀, kò yẹ kó fi èyí sílẹ̀.

== Àwọn ìlú ojú ọ̀nà ==

Querétaro tó nǹkan bí kìlómítà 215 sí Ìlú Mẹ́síkò, lójú títì 57. Ohun tí àlejò kọ́kọ́ ń rí ni afárá omi olópòó gíga, tí ẹnu rẹ̀ tó ṣe ròbótó jẹ́ 74, tí wọ́n kọ́ láàárín 1726 sí 1738 láti fa omi mímu wọ ìlú. Ní oṣù Kẹsàn-án 1810, ibẹ̀ ni Josefa Ortiz de Domínguez, ìyàwó olórí ìlú, ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ Hidalgo pé àṣírí ìdìtẹ̀ wọn ti tú. Lórí òkè Cerro de las Campanas ni wọ́n ti yìnbọn pa Maximilian, ọba tí Faransé gbé kalẹ̀, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1867. Ìlú yìí náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí òfin ilẹ̀ Mẹ́síkò tó wà lójú ìwé di òní, ní 1917. Àwọn tó bá fẹ́ yà kúrò lójú títì máa ń lọ sí Bernal wo àpáta rẹ̀, tó wà lára àwọn tó ga jù lágbàáyé, tàbí sí Tequisquiapan fún wàràkàṣì àti wáìnì.

San Miguel de Allende lẹ́wà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òkúta aláwọ̀ osùn ni wọ́n fi kọ́ iwájú ilé ìjọsìn ńlá rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 19. Zeferino Gutiérrez ló ṣe é, wọ́n sì ń sọ ọ́ pé àwòrán ilé ìjọsìn ilẹ̀ Yúróòpù ló wò ṣe é. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ń gbé ibẹ̀ títí di òní, oúnjẹ sì wọ́n ju ti àwọn ìlú tó yí i ká lọ. Kò jìnnà sí Atotonilco, níbi tí Miguel Antonio Martínez de Pocasangre ti ya àwòrán bo ògiri àti àjà ilé ìjọsìn láìfi àyè kan sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Hidalgo ti mú àwòrán Màríà ti Guadalupe tó sọ di àsíá ogun.

Dolores Hidalgo kéré, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 1810 tí Hidalgo, àlùfáà ìlú náà, pe àwọn ènìyàn jọ ni orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n gbé agogo ilé ìjọsìn náà lọ sí olú-ìlú ní 1896. Ààrẹ ló máa ń lù ú ní alẹ́ 15 oṣù náà. Kí ogun tó dé, Hidalgo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní iṣẹ́ amọ̀, ọ̀sìn oyin àti ọ̀gbìn àjàrà. Àwo amọ̀ aláràbarà ṣì ni iṣẹ́ ìlú náà. José Alfredo Jiménez, olórin tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1926, sinmi lábẹ́ ibojì tí wọ́n ṣe bí fìlà sombrero ràgàjì.

Ọ̀nà láti Dolores sí Guanajuato gba orí òkè Santa Rosa kọjá. Ó kọ́rọ́ kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n igbó óákù ibẹ̀ tura. Ìlú Guanajuato fúnra rẹ̀ há sáàárín àfonífojì, ilé rẹ̀ ń gun òkè lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Odò kan máa ń kún bò ó, pàápàá ní 1905. Nígbà tí wọ́n ti darí omi náà gba ibòmíràn, wọ́n sọ ojú odò àtijọ́ di títì abẹ́ ilẹ̀ tí mọ́tò ń gbà. Wúrà kún inú ilé ìjọsìn San Cayetano, ní ẹ̀gbẹ́ kòtò ìwakùsà Valenciana. Diego Rivera, ayàwòrán, ni wọ́n bí ní ìlú yìí ní 1886. Láti 1972 ni ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà Cervantino ti ń wáyé níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Òkú gbígbẹ tí wọ́n hú láti ibi ìsìnkú ìlú, bẹ̀rẹ̀ láti 1865, náà ń fa èrò.

== Oúnjẹ ==

Gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí nixtamal. Wọn a se àgbàdo gbígbẹ nínú omi tí wọ́n po ẹfun sísun sí, wọn a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọn a ṣan èèpo rẹ̀ nù, wọn a sì lọ̀ ọ́ tútù. Ẹni tó mọ bí a ti ń ṣe ògì yóò rí ibi tí ọ̀nà ti yà: omi ẹfun ló ń ṣe iṣẹ́ tí kíkan ń ṣe nínú ògì. Ẹfun náà ń mú kí ìyẹ̀fun dì mọ́ra débi tó fi ṣeé tẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì ń tú fítámì B3 tó wà nínú àgbàdo sílẹ̀ kí ara lè lò ó. Àwọn ará Yúróòpù tó gba àgbàdo láìgba ọgbọ́n ẹfun ni pẹ̀lágírà, àrùn àìtó fítámì náà, bá fínra lẹ́yìn náà. Tortilla, ìyẹn àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yan lórí agbada pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ comal, ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ oúnjẹ ibẹ̀.

Enchiladas mineras, ìyẹn ti awakùsà, ni oúnjẹ ìlú Guanajuato. Wọ́n ń ki tortilla bọ inú ọbẹ̀ ata gbígbẹ guajillo, wọ́n ń dín in, wọ́n ń fi wàràkàṣì àti àlùbọ́sà sínú rẹ̀, wọ́n wá ń da ànàmọ́ òyìnbó àti kárọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ata kan náà dín lé e lórí. Wọ́n ní àwọn ìyàwó awakùsà ló dá a sílẹ̀. Kò sí ìwé tó fi ìdí ìyẹn múlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ bá iṣẹ́ agbára mu: owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń dúró nínú. Querétaro náà ní tirẹ̀. Níbẹ̀ sì ni gorditas ti dára jù, èyí tí wọ́n ń fi àgbàdo tí wọn kò lọ̀ kúnná ṣe, tí ata pọ́n ọn, tí wàràkàṣì wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ gbígbẹ apá àríwá Querétaro ló ni nopal, irú ọrọ́ kan tó fẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, wọ́n ń dé e mọ́ inú odindi ewé nopal mìíràn, wọ́n sì ń fi iná sun ún. Xoconostle, èso ọrọ́ tó kan, ń wọ inú ọbẹ̀ ẹran. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ni barbacoa ń jáde: ẹran àgùntàn tí wọ́n fi ewé maguey, ọ̀gbìn ẹlẹ́gùn-ún tí ewé rẹ̀ gùn tó sì nípọn, wé, tí wọ́n bò mọ́ inú kòtò gbígbóná mọ́jú. Omi tó kán sílẹ̀ lára ẹran náà ni wọ́n ń bù mu pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó bá sì pẹ́ dé lọ́sàn-án lè má bá nǹkan kan. Láti ara maguey kan náà ni pulque ti ń wá, ọtí funfun tó ki, tí kì í pẹ́ bàjẹ́, èyí tó jẹ́ pé etí oko ni ó ti dùn jù.

Celaya kì í sí nínú ètò ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n nítorí cajeta ó yẹ kí a yà síbẹ̀. Wàrà ewúrẹ́ àti ṣúgà ni, tí wọ́n ń rò nínú ìkòkò bàbà fún wákàtí mélòó kan títí yóò fi pọ́n tí yóò sì fà. Wọ́n ń fi sódà díẹ̀ sí i kí wàrà má baà dì, sódà náà sì ń jẹ́ kó tètè pọ́n. Àpótí igi kéékèèké ni wọ́n fi ń tà á láyé àtijọ́. Èyí tí wọ́n po wáìnì sí wà, èyí tí wọ́n jẹ́ kó jóná díẹ̀ náà wà. Adùn rẹ̀ ní ìkorò díẹ̀ nínú, òun sì ni kò jẹ́ kó tètè sú ẹnu.

Irapuato ni ìlú èso sítírọ́bẹ́rì, tí wọ́n ń fi ọ̀rá wàrà jẹ. Ní Dolores, àwọn tó ń ta áísíkíríìmù lójúde ìlú ń ta ti píà, ti tẹkíílà, ti edé, àti ti awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ èyí wò, wọn a sì ra ti èso. Ní Guanajuato ni charamusca wà, ṣúgà líle tí wọ́n lọ́ bí òkú gbígbẹ tó wà nínú ilé àkójọ. León, ìlú oníbàtà, ní guacamaya: búrẹ́dì tó le lẹ́yìn, tí wọ́n kó awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín àti ata tútù sínú rẹ̀.

== Ìrìn ojú títì ==

Oríṣi ọ̀nà méjì ló wà, cuota tí a ń sanwó gbà àti libre tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ti ọ̀fẹ́ gba inú ìlú kéékèèké, níbi tí òkìtì tí ń dá eré mọ́tò dúró ti pọ̀ tí kò sì sí àmì níwájú òmíràn. Òjò ń rọ̀ láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, lọ́sàn-án sí ìrọ̀lẹ́ ló sì pọ̀ jù. Ìwà ọ̀daràn ti le sí i ní agbègbè Celaya, Salamanca àti Irapuato láti nǹkan bí ọdún 2017, nítorí náà ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ń rin apá ibẹ̀, lójú ọ̀nà cuota. Inú àárín ìlú Guanajuato kò rọrùn fún mọ́tò. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ẹ̀yìn ìlú ni àwọn àlejò máa ń fi ọkọ̀ wọn sí, wọn a sì fẹsẹ̀ wọlé.