Bí Ẹ̀dá Orí Páálí Oúnjẹ Àárọ̀ Ṣe Ń Di Akọni Nínú Eré Orí Tábìlì

Àwọn ẹ̀dá tí wọ́n yà sára páálí oúnjẹ àárọ̀ ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ òṣèré Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí olúkúlùkù ti ń dá akọni tirẹ̀ tí wọ́n sì ń ju dáìsì, máa ń fi odindi alẹ́ wá: ìrísí tí ojú kì í gbàgbé, ohùn tó dá yàtọ̀, àti nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ń lé kiri. Nǹkan tí wọ́n ń lé yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá ti ibi aṣọ àti àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ á rí ẹ̀dá tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín fún wákàtí kan, tí kò sì ní rí nǹkan kan ṣe mọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ bá tún jókòó.

Ìpolówó àtijọ́ ni ìwé tí a ó kà. Bí a bá wo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: kí ló ń wá, ta ló ń dí i lọ́wọ́, ọgbọ́n wo ló sì máa ń dá? Ehoro orí páálí oúnjẹ àárọ̀ Trix, tí ilé-iṣẹ́ General Mills gbé jáde ní 1959, ń wá abọ́ Trix kan péré. Àwọn ọmọdé ló ń gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìparadà ló sì máa ń fi wọlé. Irọ́ pípa àti ìparadà ní òfin tiwọn nínú eré náà, nítorí náà rogue (akọni alárékérekè) ni ehoro yìí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Tony, ẹkùn onílà tí Kellogg's ti ń lò láti 1952, ló máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Wọ́n á rí àyà gbòòrò àti èékánná, wọ́n á sọ ọ́ di barbarian, jagunjagun oníbìínú. Ṣùgbọ́n Tony kì í jà nínú ìpolówó. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó ń ṣeré ìdárayá ló máa ń dúró sí, tí á máa kì í láyà. Iṣẹ́ bard, akọrin tó ń kì wọ́n láyà, nìyẹn: nínú ìwé òfin 2014, ó ń fún ẹlẹgbẹ́ tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tí kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ, ní dáìsì olójú 6 tí onítọ̀hún lè fi kún ìgbìyànjú kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lucky, iwin kúkúrú ilẹ̀ Ireland tó wà lórí páálí Lucky Charms láti 1964, ló rọrùn jù láti fi han bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Òun kì í lé ẹnikẹ́ni. Òun ni wọ́n ń lé. Nínú ìwé òfin 2014 yẹn kan náà, nínú àwọn ẹ̀yà kúkúrú inú eré, halfling bá a mu ju gnome lọ, nítorí pé bí dáìsì olójú 20 rẹ̀ bá já sí 1 nígbà ìkọlù, ìdánwò tàbí ìgbàlà (jíjù dáìsì láti bọ́ nínú ewu), ó lè tún un jù. Iye mẹ́fà tí ìwé fúnni fún àbùdá akọni la ó pín: òòfà 15, ìyára 14, ìfaradà 13, ọpọlọ 12, òye 10, agbára 8. Lightfoot, irú halfling kan, fi 2 kún ìyára àti 1 kún òòfà, méjèèjì á di 16, tí í ṣe +3 lórí dáìsì. Bí a bá sọ ọ́ di sorcerer, apọfọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ àbímọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ní ìpele kìíní jẹ́ 7 péré, ààbò ara rẹ̀ sì jẹ́ 13. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n sísá ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tó dùn jù rèé. Súwíìtì rírọ̀ oríṣi mẹ́rin ló wà nínú páálí àkọ́kọ́: ọkàn, òṣùpá, ìràwọ̀ àti ewé clover. Ọfọ̀ kékeré mẹ́rin náà ni sorcerer ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ọkàn á di Friends, òṣùpá á di Dancing Lights (iná tó ń jó), ìràwọ̀ á di Fire Bolt (ọfà iná), ewé á di Prestidigitation (idán kéékèèké). Friends máa ń parí lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹni tí a fi mú á mọ̀ pé ọfọ̀ ni, á sì kọjú ìjà sí Lucky. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń lé e nínú ìpolówó! Ọfọ̀ ìpele kìíní méjì tó kù á jẹ́ Expeditious Retreat (sísá kíákíá) àti Disguise Self (ìparadà).

Ìrísí la yí padà, a kò fọwọ́ kan nọ́ńbà. Fire Bolt ṣì jẹ́ iná, dáìsì olójú 10 ni ìpalára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìràwọ̀ aládùn ló fò jáde lọ́wọ́ Lucky. Bí a bá ní kí ìràwọ̀ náà tún máa wo ọgbẹ́ sàn torí pé oúnjẹ ni, olùdarí eré á máa dá òfin tuntun lójoojúmọ́, iṣẹ́ cleric, àlùfáà inú ẹgbẹ́ tó ń wo ọgbẹ́ sàn, á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe mìíràn wọ́pọ̀ bí a bá yan Wild Magic, irú sorcerer tí ọfọ̀ rẹ̀ lè dàrú: oríire halfling kò kan dáìsì tó ń pe ìdàrúdàpọ̀ ọfọ̀ jáde. Bí ìyẹn bá já sí 1, ó ti já sí 1.

Ìfẹ́ tó gba ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú ìpolówó kò lè gbé eré oṣù mẹ́fà. Ní 1976, General Mills ní kí àwọn ọmọdé dìbò bóyá kí ehoro jẹ Trix. Wọ́n gbà, ó jẹ ẹ́, ìpolówó sì tún padà sí lílé. Orí tábìlì kò ní irú ọ̀nà àbáyọ yẹn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi ìdí kan sẹ́yìn ìfẹ́ náà. Ta ló fún Lucky ní súwíìtì wọ̀nyí, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí i bí ọ̀kan bá sọnù? Bí olùdarí eré bá ti mọ ìdáhùn ṣáájú ìjókòó kìíní, ó lè fi olè jí òṣùpá gbé ní ìjókòó kẹta, kí Dancing Lights sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹgbẹ́ á fi rí i gbà padà.