Ẹranko ló ni ECG: ibi tí kíka ìlù ọkàn ti ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ènìyàn ni dókítà ẹranko ti yá ECG, ìlà tí ẹ̀rọ ń yà láti fi iná mànàmáná inú ọkàn hàn, bí ẹni pé láti UCH ló ti rọra dé ilé ìwòsàn ajá. Irọ́ ni. Ara ẹranko ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ènìyàn ló yá a lò. Ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn mọ èyí kó tó gbé pépà ECG lọ́wọ́, torí ẹni tó bá rò pé nǹkan onínǹkan lòun ń lò, òfin ọkàn ènìyàn ni yóò máa fi dájọ́ fún ọkàn ajá.

Àkèré ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1791 ni Galvani, ará Ítálì, tẹ ìwé jáde lórí bí iná mànàmáná ṣe ń mú kí itan àkèré ta. Ní nǹkan bí 1842, Matteucci tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé iná díẹ̀ ń jáde nígbàkígbà tí ọkàn bá lù. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ Kölliker àti Müller ní 1856 ló ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n gé itan àkèré pẹ̀lú fọ́nrán ìmọ̀lára tó so mọ́ ọn, wọ́n na fọ́nrán náà lé ọkàn tó ṣì ń lù. Bí ọkàn bá ti fẹ́ lù báyìí, itan a ta. Nígbà mìíràn a ta lẹ́ẹ̀mejì: èkíní kí ọkàn tó súnkì, èkejì, tí kò lágbára tó ti àkọ́kọ́, nígbà tí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ìgbì méjì tí à ń pè ní QRS (iná tó ń mú yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn súnkì) àti T (ti ìgbà tó ń dẹ̀) lórí ECG nìyẹn, láìsí ẹ̀rọ, láìsí pépà. Ta ló sì mọ iye ojú tó ti rí irú rẹ̀ ṣáájú wọn tí kò kọ ọ́ sílẹ̀? Alápatà tó bá dúńbú màlúù láàárọ̀ ní Bódìjà ń rí ẹran tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀ tó ṣì ń fò fúnra rẹ̀. Ọdẹ ń rí i. Mo fura pé ìmọ̀ pé agbára kan wà nínú ẹran tí kì í tètè kú ti pẹ́ ju Galvani lọ fíìfíì.

Àgùntàn ló tẹ̀ lé àkèré. Ní 1839, Purkinje rí àwọn fọ́nrán kan nínú ọkàn àgùntàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé. Kò ṣòro láti rí wọn: ra ọkàn àgùntàn tútù, la yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì, fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, kí o sì tẹ́ ẹ sí ibi tó mọ́lẹ̀. Àwọn ìlà pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó ń yọ̀ yóò hàn lábẹ́ awọ inú ọkàn. Ní 1906, Tawara, ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Marburg ní Jámánì, tọ irú fọ́nrán yìí lọ dé kókó tó wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Keith àti Flack rí kókó tí ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú ọkàn mole, ẹranko kékeré tí ń gbẹ́lẹ̀, ló ti kọ́kọ́ hàn.

Fọ́nrán Purkinje yìí, tó ń gbé iná ìlù kiri inú ọkàn, ló fà á tí a kò fi lè ka ECG gbogbo ẹranko bákan náà. Lára ẹṣin, màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, ó gún ògiri ọkàn já fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òde, nítorí náà gíga QRS ewúrẹ́ kò sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe tóbi tó. Lára ajá, ìtòsí inú ló mọ sí. Bí R, ṣóńṣó QRS, ti ajá ńlá bá ga ju 3 mV (mìlífóòtì) lọ ní lead II, ìlà tó ń wo ọkàn láti ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún sí ẹ̀yìn òsì, tàbí ti ajá kékeré ju 2.5 mV, ká fura pé yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ti tóbi.

Augustus Waller, ti ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń fojú kéré jù nínú ìtàn yìí. Òun ló kọ́kọ́ ya ECG ènìyàn láti ìta ara, ní 1887, pẹ̀lú ọ̀pá dígí tín-ín-rín tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí iná bá kàn án. Ṣùgbọ́n Jimmy, ajá bulldog rẹ̀, ló sọ iṣẹ́ náà di mímọ̀. Jimmy a dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú kan nínú omi iyọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan nínú òmíràn, wáyà a sì gbé iná ọkàn rẹ̀ dé ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tó fi í hàn ní Royal Society ní 1909, wọ́n gbé ẹjọ́ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ìwà ìkà ni. Mínísítà Gladstone fèsì pé ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ wọ omi òkun rí yóò mọ bó ṣe rí lára ajá náà. Iṣẹ́ omi iyọ̀ yẹn ni gẹ́ẹ̀lì àti sípírítì ń ṣe lónìí nídìí kílíìpù tí a fi ń so wáyà mọ́ ara ẹranko, torí irun àti awọ gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa.

Willem Einthoven ti Leiden ni wọ́n fún ní Nobel ní 1924. Ẹ̀rọ rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 270 kìlógíráàmù, ènìyàn márùn-ún ló ń darí rẹ̀. Òun ló mú P, Q, R, S, T wá gẹ́gẹ́ bí orúkọ àwọn ìgbì inú ìlà náà; P ni ti yàrá òkè. Ó ti lo A, B, C, D fún ìlà tí ẹ̀rọ mẹ́kúrì yà, ó wá mú lẹ́tà mìíràn fún èyí tó fi ìṣirò tún ṣe. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹṣin ló tún tú kókó tó ta fún àwọn dókítà ènìyàn. Ní 1911, Thomas Lewis ya ECG ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Nígbà tí wọ́n ṣí àyà rẹ̀, ó fojú rí yàrá òkè ọkàn tó ń gbọ̀n dípò kó súnkì. Báyìí ni wọ́n fi mọ̀ dájú ohun tí atrial fibrillation jẹ́. Ní 1913, Nörr ní Munich tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ECG ẹṣin jáde.

Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ECG láàárín iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Iná tiwa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìgbì àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí pépà bá ń sáré 50 mìlímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo iná yóò gbé eyín kan sínú àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan, tó fẹ̀ ní mìlímítà kan. Bó bá jẹ́ 25, eyín méjì. Ẹni tó bá rí eyín tó dọ́gba bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pè é ní àìsàn. Kó yọ ṣájà, kó lo bátìrì, kó gbé ajá kúrò lórí tábìlì irin sórí ẹní rọ́bà, kó dá a dùbúlẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ara wọn, kó sì tún fi sípírítì rin ìdí kílíìpù. Kó má jẹ́ kí sípírítì kan pépà, nítorí ìlà ibẹ̀ yóò bàjẹ́.

Ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Yúróòpù, kílíìpù pupa ń lọ sí iwájú ọ̀tún, yẹ́lò sí iwájú òsì, àwọ̀ ewé sí ẹ̀yìn òsì, dúdú sí ẹ̀yìn ọ̀tún. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, pupa ń lọ sí ẹ̀yìn òsì, funfun sí iwájú ọ̀tún. Bí kílíìpù iwájú méjèèjì bá ṣe pàṣípààrọ̀, gbogbo lead I, ìlà tó ń wo àárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, yóò dojú kodò, títí kan P.

Lẹ́yìn èyí ni kíka gan-an. Ṣé P wà ṣáájú gbogbo QRS? Ṣé QRS tẹ̀ lé gbogbo P? Ṣé PR, àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀ P dé ìbẹ̀rẹ̀ QRS, ti ajá dúró láàárín 0.06 sí 0.13 ìṣẹ́jú àáyá? Ọkàn ajá tó ń sinmi kì í lù dọ́gba: ó ń yára bí ajá bá mí sínú, ó ń fà bó bá mí síta, ara rẹ̀ le. Kí QRS kan pàdánù lẹ́yìn P lára ẹṣin tó dúró jẹ́jẹ́ kì í sábà jẹ́ àìsàn. Bí ẹṣin náà bá sáré, ó yẹ kí pípàdánù yìí dópin. Ṣùgbọ́n QRS fífẹ̀ tó yọ ṣáájú àkókò tí kò ní P tirẹ̀, ká má fojú fò ó. Lágbègbè wa, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀ wò fún kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, nítorí ó máa ń ba ẹran ọkàn jẹ́. Bó bá jẹ́ akọ ológbò tí kò lè tọ̀, tí P rẹ̀ pòórá tí T rẹ̀ ga ṣóńṣó, pótásíọ̀mù ti pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀. Ọkàn ni ká kọ́kọ́ dáàbò bò.

Holter, ará Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ ECG tí a ń gbé kiri, ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1961, fóònù tó ń ya ECG sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Ti fóònù ń fún wa ní lead kan ṣoṣo, ó sì máa ń ka T gíga mọ́ R, iye ìlù a wá di ìlọ́po méjì. Ẹ fi ọwọ́ kà á: bí pépà bá ń sáré 25 mìlímítà, ẹ ka iye R tó wà nínú sẹ̀ńtímítà 15, kí ẹ sì fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀.