Àmì tó wà lẹ́yìn ṣokoléètì: kí ló ń sọ fún wa?

Iléṣà ni mo wà. Alaalẹ́ ni mo ń jẹ ṣokoléètì oní-mílíkì. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, mi ò sì fẹ́ jẹ èyí tí wọ́n fi ìyà ẹlòmíràn ṣe. Èwo ni kí n máa rà?

Ẹ yí i padà, kí ẹ wo àmì ẹ̀yìn rẹ̀. Fairtrade, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi àmì sí ọjà àgbẹ̀, ní iye tí owó kòkó kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá: ní 2019, wọ́n gbé e sí dọ́là 2,400 lórí tọ́ọ̀nù kan, àti 240 fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Rainforest Alliance, ẹgbẹ́ kejì, alámì àkèré, kò ní irú iye bẹ́ẹ̀. Láti 2022, ó ní kí ẹni tó ń rà fi, ó kéré tán, dọ́là 70 lé owó ọjà lórí tọ́ọ̀nù kan. Fairtrade ni mo fara mọ́. Bàbá yín mọ bí ó ṣe máa ń rí lọ́dún tí owó kòkó bá já.

Ṣé kòkó àgbẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń jẹ?

Ibẹ̀ ló ti ta kókó. Ó lè má jẹ́ òun. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ra 100 àpò tó lámì àti 300 tí kò ní. Ó lè lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó wá lẹ àmì mọ́ ìwọ̀n ṣokoléètì tí 100 àpò lè ṣe. Àmì méjèèjì ló gbà á láyè. Owó dé ọwọ́ àgbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ hóró tó wà lẹ́nu yín lè ti oko tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò wá. Tony's Chocolonely, ilé iṣẹ́ ṣokoléètì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Netherlands ní 2005, kì í da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ṣé àmì túmọ̀ sí pé ọmọdé kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Rárá o. Ní 2001 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn yóò fòpin sí èyí tó burú jù nínú iṣẹ́ ọmọdé lóko kòkó. Ìwádìí tó jáde ní 2020 ṣì ka nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lóko kòkó ní Ghana àti Côte d'Ivoire. Èmi náà kó kòkó jọ lóko ìyá ìyá mi lápá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà nígbà ìsinmi. Kì í ṣe ìyẹn. Ọmọ tó ń fín oògùn, tó ń fi àdá la kòkó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, òun ló ń dùn mí. Bàbá tí owó kòkó rẹ̀ kò tó san alágbàṣe ló ń mú ọmọ lọ sóko.

Ṣé kí n kúkú jáwọ́?

Ẹ má jáwọ́. Kòkó tí a kò rà, àgbẹ̀ ló máa jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹ ra èyí tó wọ́n díẹ̀, kí ẹ máa gé ẹyọ méjì jẹ lálẹ́.